Ìṣẹ́jú Méje

Ní ilé bàbá mi ní Bódìjà, aago ni baálé.
Aago méje àbọ̀: ẹyin, búrẹ́dì, tíì tí kò ní ṣúgà.
Aago mẹ́jọ: ìròyìn. Kí ẹnikẹ́ni má húkọ́.
Bí o bá fẹ́ wọ yàrá, kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta,
kí o dúró,
títí wọn á fi béèrè pé, "Ta nìyẹn?"
bí ẹni pé kì í ṣe àwa mẹ́rin péré la wà nínú ilé.

Ní ilé bàbá Múfútáù ní Òkè Àrẹ̀mọ,
aṣọ ni ilẹ̀kùn.
Ọmọ mọ́kànlá, ìyá méjì,
àǹtí kan tó wá kí wọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn
tó ṣì ń "lọ lọ́la".
Èèyàn mẹ́fà á máa sọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n á sì gbọ́ ara wọn.
Èmi nìkan ni mò ń nawọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé
kí n tó lè sọ pé iyọ̀ ti já ọbẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ń tún aago ṣe ní Agbeni.
Ogójì ọdún.
Kò dé ibì kankan lásìkò rí.
"Ẹni tó ti rí inú aago," ló máa ń wí, "kì í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá mọ̀ wá, aago méjì la dá.
Méjì lù, bàbá mi to táì rẹ̀.
Méjì àbọ̀, ìyá mi da àwo dé ìrẹsì.
Mẹ́ta lù, bàbá mi tú táì.
Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí mẹ́rin lù
ni bọ́ọ̀sì kan mí hẹlẹhẹlẹ dé géètì bí aboyún.
Àga mẹ́jọ la tò.
Èèyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló bọ́ sílẹ̀,
àti tòlótòló kan tí kò gbà pé ẹ̀bùn lòun.

Tòlótòló já.
Ó gba inú òdòdó ìyá mi, ó gba pálọ̀,
ó fò lé pẹpẹ ìwé,
àbúrò bàbá Múfútáù fò tẹ̀lé e,
aago ara ògiri,
èyí tí yunifásítì fi dá bàbá mi lọ́lá nígbà tó fẹ̀yìn tì,
já lulẹ̀, gbì.

Ilé pa lọ́lọ́.
Àwọn ará Òkè Àrẹ̀mọ pàápàá dákẹ́.
N kò mọ̀ pé wọ́n ní in lára.

Bàbá Múfútáù bọ́ agbádá.
Ó jókòó pẹlẹbẹ sórí kápẹ́ẹ̀tì tí a kì í wọ bàtà tẹ̀,
ó yọ irin tín-ín-rín kan nínú fìlà.
"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan tọ́ọ̀ṣì sí i."
Bàbá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì,
ó kúnlẹ̀.
Wákàtí kan. Orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.
Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ,
àfi ìgbà tí bàbá mi bú sẹ́rìn-ín
tí ìyá mi sáré jáde láti kíṣìnnì
wá wo ohun tó tún bàjẹ́.

Aago ń ṣiṣẹ́. Ó ń fi ìṣẹ́jú méje rẹ́yìn.
Bàbá mi kò jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án.
Àárọ̀ gbogbo ni àkọlé ìròyìn ń fò ó ru,
ó ní rédíò ló ń kánjú.

Èmi náà ti ń kọ́ bí a ṣe ń já lu ọ̀rọ̀.
Àbúrò ọkọ mi tó kéré jù, ọmọ ọdún márùn-ún,
ní ìyàwó kì í pe òun ní Wàsíù.
Mo sọ ọ́ ní Ọ̀gá-Pátápátá.
Ó ń jẹ́ ẹ. Ó tún ti ń bu ẹran tèmi.

Lálẹ́ àná, Múfútáù dúró lẹ́yìn aṣọ ẹnu-ọ̀nà.
Kò sí pákó tó máa kàn,
ló bá fi ẹnu ṣe é:
kò, kò, kò.
Mo jẹ́ kó dúró díẹ̀.
"Ta nìyẹn?"